Bí Ọmọdé Ṣe Ń Mọ Iye: Ọ̀rọ̀ Àsọyé fún Òbí àti Olùkọ́ Jẹ́lé-ó-sinmi

Ẹ̀yin òbí, ẹ̀yin olùkọ́ jẹ́lé-ó-sinmi, ẹ̀yin ìyá àgbà àti bàbá àgbà tí ọmọ ọmọ ń bẹ lọ́dọ̀ yín, mo kí yín o. Ọ̀rọ̀ tí a gbé lé mi lọ́wọ́ ni bí a ṣe lè ran ọmọ tí kò tíì pé ọdún mẹ́fà lọ́wọ́, kí ìṣirò má baà di ẹrù lé e lórí nígbà tí ó bá wọ ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ohun kan ni mo fẹ́ kí ẹ bá mi yẹ̀ wò dáadáa: ọmọ tí ó ń ka ení, èjì, ẹ̀ta dé ogún láì kọsẹ̀ lè má tíì mọ ohun tí mẹ́ta jẹ́. Kíkà lẹ́nu àti mímọ iye jìnnà sí ara wọn ju bí ọ̀pọ̀ nínú wa ti rò lọ, àlàfo tí ó wà láàárín wọn yìí gan-an sì ni iṣẹ́ òbí àti olùkọ́ wà.

Ọ̀rọ̀ náà tó ohun tí à ń jókòó lé lórí. Ní 2007, Greg Duncan àti àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ kó àkọsílẹ̀ ìwádìí ńlá mẹ́fà pọ̀ láti Amẹ́ríkà, Kánádà àti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àwọn ìwádìí tí wọ́n fi tẹ̀lé àwọn ọmọ láti ìgbà tí wọ́n wọ ilé ẹ̀kọ́ lọ sí ọdún púpọ̀ lẹ́yìn náà. Wọ́n wo ìwé kíkà, wọ́n wo ìfarabalẹ̀, wọ́n wo bí ọmọ ṣe ń bá ẹgbẹ́ rẹ̀ gbé, ṣùgbọ́n ìmọ̀ ìṣirò tí ọmọ gbé wọ ilé ẹ̀kọ́ ni ó fi bí ẹ̀kọ́ rẹ̀ yóò ṣe rí hàn jù lọ, títí kan ìwé kíkà pàápàá. N kò sọ èyí láti dẹ́rù ba ẹnikẹ́ni, nítorí pé ọmọ tí ó pẹ́ kí ó tó bẹ̀rẹ̀ lè lé ẹgbẹ́ rẹ̀ bá. Mo sọ ọ́ nítorí pé ọ̀pọ̀ òbí ń ra ìwé ABD aláwòrán fún ọmọ ọdún méjì, wọ́n sì gbà pé ìṣirò lè dúró di ìgbà tí ọmọ bá ní olùkọ́.

Ọmọ kì í wá sáyé láìní òye iye rárá. Fei Xu àti Elizabeth Spelke fi hàn ní 2000 pé ọmọ oṣù mẹ́fà tí a fi àwòrán àmì tóótòòtó hàn lè mọ ìyàtọ̀ láàárín mẹ́jọ àti mẹ́rìndínlógún, ṣùgbọ́n kò lè mọ ti mẹ́jọ sí méjìlá. Ohun tí a bí mọ́ ọn ni pé èyí pọ̀ ju tọ̀hún lọ, pàápàá nígbà tí ìyàtọ̀ bá hàn kedere. Iye gẹ́lẹ́, pé márùn-ún ni èyí, tí kì í ṣe mẹ́rin, tí kì í sì í ṣe mẹ́fà, kò bá ọmọ wáyé. Ènìyàn ni ó ń kọ́ ọ, èdè sì ni ohun èlò tí ó fi ń kọ́ ọ.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí ẹ ṣe lè rí i fúnra yín. Ẹ da ìdérí ìgò mínírà bíi mẹ́wàá sílẹ̀ níwájú ọmọ ọdún mẹ́ta, kí ẹ ní kí ó kà wọ́n. Yóò máa nawọ́ sí wọn, ẹnu rẹ̀ yóò sì máa sáré ju ọwọ́ rẹ̀ lọ; yóò ka ìdérí kan lẹ́ẹ̀mejì, yóò fo òmíràn, yóò sì dé ẹ̀wá kí ìdérí tó tán tàbí lẹ́yìn tí ó ti tán. Ẹ wá sọ fún un pé, “Ó dáa, kó mẹ́rin fún mi níbẹ̀.” Púpọ̀ nínú àwọn ọmọ ọjọ́ orí yìí yóò bu ẹ̀kúnwọ́ kan, wọn yóò sì gbé e fún yín tayọ̀tayọ̀, ì báà jẹ́ mẹ́fà, ì báà jẹ́ méje. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá ní kí ó mú ẹyọ kan wá, ẹyọ kan náà ni yóò mú, kò ní mú méjì.

Karen Wynn, onímọ̀ nípa òye ọmọdé ní Amẹ́ríkà, ni ó fi irú ìdánwò yìí tẹ̀lé àwọn ọmọ nínú iṣẹ́ tí ó tẹ̀ jáde ní 1990 àti 1992. Ohun tí ó rí, tí àwọn mìíràn sì ti tún rí lẹ́yìn rẹ̀, ni pé ìmọ̀ yìí ń wọlé ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Ọmọ á kọ́kọ́ mọ ọ̀kan, oṣù bíi mélòó kan á sì kọjá kí ó tó dá méjì mọ̀ dájú. Yóò tún pẹ́ díẹ̀ kí mẹ́ta tó dé. Lẹ́yìn ìyẹn ni ojú rẹ̀ á là lójijì, tí yóò sì mọ̀ pé bí òun bá ka nǹkan tán, ibi tí òun parí sí ni iye gbogbo rẹ̀. Ìgbà yìí sábà máa ń jẹ́ nǹkan bí ọmọ ọdún mẹ́ta ààbọ̀ sí mẹ́rin, àwọn mìíràn sì máa ń pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ láìjẹ́ pé ohunkóhun ṣe wọ́n. Rochel Gelman àti C. R. Gallistel ti la ohun tí kíkà ń béèrè lọ́wọ́ ọmọ sílẹ̀ ní 1978: kí ó fún nǹkan kọ̀ọ̀kan ní orúkọ iye kan péré, kí àwọn orúkọ náà máa tò tẹ̀lé ara wọn bákan náà nígbà gbogbo, kí ó sì mọ̀ pé èyí tí ó kẹ́yìn dúró fún gbogbo wọn pátá. Àwa àgbà ti ń ṣe mẹ́tẹ̀ẹ̀ta papọ̀ láti ìgbà tí a kò rántí mọ́, ìdí rẹ̀ nìyí tí a fi máa ń rò pé ọmọ tí ó mọ ìkejì dáadáa ti mọ ìyókù.

Èdè Yorùbá ní ohun kan tí ó lè ràn wá lọ́wọ́ níhìn-ín, tí mo sì rò pé a kò tíì lò tó. Bí a bá ń ka nǹkan, ení, èjì, ẹ̀ta, ẹ̀rin ni à ń pè, ṣùgbọ́n bí ẹnikẹ́ni bá béèrè pé mélòó ni, a kì í dáhùn pé ẹ̀rin. Mẹ́rin ni à ń sọ. Ọmọ tí ń ka nǹkan ní Gẹ̀ẹ́sì lè tún ọ̀rọ̀ tí ó kẹ́yìn lẹ́nu rẹ̀ pè, kí ó sì dàbí ẹni tí ó mọ iye. Ọmọ tí ń kà á ní Yorùbá ní láti yí ọ̀rọ̀ padà kí ìdáhùn rẹ̀ tó tọ́. Nítorí náà, ẹ má ṣe dákẹ́ síbi kíkà. Bí ẹ bá ń kó ọsàn sínú abọ́ pẹ̀lú rẹ̀, ẹ wí pé, “Ení, èjì, ẹ̀ta, ẹ̀rin. Mẹ́rin ni. Ọsàn mẹ́rin ló wà nínú abọ́,” kí ẹ sì fi ọwọ́ yí gbogbo wọn po bí ẹ ti ń sọ mẹ́rin, kí ó lè rí i pé ọ̀rọ̀ náà kò jẹ́ ti ọsàn ìkẹyìn nìkan. Ìlò ọwọ́ yìí ṣe pàtàkì púpọ̀. Ọmọ tí ó ń fọwọ́ kan nǹkan bí ó ti ń kà á, tàbí tí ó ń sún un sí ẹ̀gbẹ́ kan, kì í ṣìnà bí ẹni tí ń fi ojú nìkan wò ó, ohun tí ó sì ń dùn mí ni pé a ṣì ń rí olùkọ́ tí ń na ọmọ nítorí pé ó fi ìka kà. Ẹ jẹ́ kí ó fi ìka kà. Yóò fi í sílẹ̀ fúnra rẹ̀ nígbà tí kò bá nílò rẹ̀ mọ́.

Bí ọ̀rọ̀ iye bá ṣe ń jáde tó lẹ́nu òbí kò kéré. Susan Levine àti àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Chicago lọ sí ilé àwọn ọmọ 44 láti ìgbà tí wọ́n jẹ́ ọmọ oṣù 14 títí di oṣù 30, wọ́n sì ń gba ohùn àti àwòrán bí òbí ṣe ń bá ọmọ sọ̀rọ̀ fún wákàtí kan ààbọ̀ ní ìgbà márààrún. Nígbà tí wọ́n ro gbogbo rẹ̀ pọ̀ nínú iṣẹ́ tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2010, òbí kan wà tí kò dárúkọ iye ju ẹ̀ẹ̀mẹ́rin lọ, òmíràn sì wà tí ó dárúkọ rẹ̀ ní ìgbà 257. Àwọn ọmọ tí wọ́n ń gbọ́ ọ púpọ̀ ni ó mọ ìtumọ̀ iye jù nígbà tí wọ́n sún mọ́ ọdún mẹ́rin. Iṣẹ́ tí Levine àti Elizabeth Gunderson ṣe tẹ̀lé e ní 2011 tún fi kún un pé ọ̀rọ̀ iye tí ó wúlò jù ni èyí tí a sọ nípa nǹkan tí ó wà níwájú ọmọ, tí ojú rẹ̀ ń wò, pàápàá tí nǹkan náà bá tó mẹ́rin sí mẹ́wàá. Ẹ ò rí i pé kò sí ohun tí a ní láti rà.

Ilé Yorùbá kún fún irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Ìyá tí ó ń ta ọsàn tàbí tòmátì ní iwájú ilé, tí ó ń pàtẹ rẹ̀ ní márùn-ún márùn-ún, lè fi ìdì kan sílẹ̀ ní mẹ́rin kí ó sì bi ọmọ pé kí ni ó ṣẹ́ kù. Ẹni tí ń wọn gàrí ní kóńgò lè jẹ́ kí ọmọ fi ife kékeré bu omi sínú ike kan, kí ó ka iye ife tí ó kún un, kí ó sì tún fi ife ńlá bù ú kí ó lè rí i pé iye ife dín kù nígbà tí ife tóbi sí i. Èyí ni ìpìlẹ̀ ìwọ̀n, ó sì le fún ọmọ kékeré láti gbà, nítorí náà ẹ má ṣe retí pé yóò yé e lọ́jọ́ kan. Bí oúnjẹ bá tó jẹ, ọmọ ni kí ẹ rán pé kí ó kó ṣíbí wá, kí olúkúlùkù ní tirẹ̀: bí ó bá kó díẹ̀ wá, ẹnì kan kò ní ní ṣíbí, ó sì di dandan kí ó padà. Àwọn àgbà kan yóò rántí pé a kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ, wọn kò sì ní fẹ́ kí ọmọ máa tọ́ka sí orí àwọn ènìyàn nínú ilé pé ení, èjì, ẹ̀ta. N kò rí ìdí tí a fi ní láti bá wọn jà lórí ìyẹn. Ẹ jẹ́ kí ó ka bàtà tí ó wà lẹ́nu ọ̀nà, iye náà kan náà ni.

Àmọ́ ṣá o, ọmọ tí kò tíì pé ọdún mẹ́ta ṣì máa ń fi ohun gbogbo sẹ́nu, nítorí náà ẹ má fi kóró tàbí ìdérí ìgò sílẹ̀ fún un. Ṣíbí, abọ́ ike àti bàtà ni kí ẹ máa lò fún un.

Ọpọ́n ayò wà níbẹ̀ pẹ̀lú, èyí tí mo gbà pé ó yẹ kí ó padà sínú kíláàsì jẹ́lé-ó-sinmi. Ihò méjìlá ni ó ní, kóró mẹ́rin ń wọ ihò kọ̀ọ̀kan, gbogbo rẹ̀ sì jẹ́ 48. Ọmọ ọdún mẹ́rin kò nílò láti mọ bí a ṣe ń jẹ kóró ẹni kejì rárá. Kí ó kọ́kọ́ máa to mẹ́rin mẹ́rin sínú ihò, kí ó sì máa kó kóró inú ihò kan kí ó fi ẹyọ kọ̀ọ̀kan sínú àwọn ihò tí ó tẹ̀lé e, ó ti ń ṣe ohun tí Gelman àti Gallistel ń sọ nìyẹn: kóró kan, ihò kan, láì fò, láì tún ṣe. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan, yóò máa wo ihò, yóò sì sọ pé mẹ́ta ni ó wà níbẹ̀ láì kà á, nítorí pé ojú ènìyàn lè mọ iye tí kò ju mẹ́ta tàbí mẹ́rin lọ lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ jẹ́ kí ó máa sọ ohun tí ojú rẹ̀ rí kí ó tó kà á láti wò ó. Kò sí ọpọ́n? Àwọn ọmọ ti máa ń gbẹ́ ihò sílẹ̀ yẹ̀pẹ̀, wọ́n sì ń fi òkúta wẹ́wẹ́ ta á.

Eré tí a to nọ́ńbà sí lójú ìlà gbọọrọ náà ní èrè tirẹ̀. Robert Siegler àti Geetha Ramani fún àwọn ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi tí òbí wọn kò lówó púpọ̀ ní eré kan tí a kọ 1 dé 10 sínú àpótí tí ó tò tẹ̀lé ara wọn, tí ọmọ sì ń sún ohun ìṣeré rẹ̀ síwájú ní ẹyọ kan tàbí méjì, tí ó ń pe nọ́ńbà tí ó dé. Wọ́n tẹ àbájáde rẹ̀ jáde ní 2008: láàárín ọ̀sẹ̀ méjì péré, àwọn ọmọ náà ti mọ ibi tí nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan wà àti èyí tí ó tóbi jù nínú méjì dáadáa ju àwọn tí ó ta irú eré kan náà tí ó jẹ́ àwọ̀ ni ó wà nínú àpótí rẹ̀. Àwa ní súwè. Ẹ kàn fi ẹfun kọ nọ́ńbà sínú àpótí rẹ̀ ní ilẹ̀, kí ọmọ máa pè é bí ó ti ń fò.

Ó wá kan òkè mẹ́wàá, ibi tí ọ̀pọ̀ olùkọ́ ti ń sọ pé òǹkà Yorùbá le jù fún ọmọ. Ẹ jẹ́ kí a wò ó dáadáa. Kevin Miller àti àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ fi àwọn ọmọ Ṣáínà wé ti Amẹ́ríkà ní 1995, wọ́n sì rí i pé àwọn méjèèjì ń lọ déédéé títí dé mẹ́wàá, ṣùgbọ́n láti mọ́kànlá lọ ni àwọn ọmọ Amẹ́ríkà ti ń ṣubú sẹ́yìn, nítorí pé ‘eleven’ àti ‘twelve’ kò sọ ohun tí ó wà nínú wọn, nígbà tí orúkọ ti Ṣáínà ń sọ ọ́ ní gbangba pé ẹ̀wá àti ọ̀kan ni. Yorùbá náà ń sọ ọ́: mọ́kànlá ni ọ̀kan lé ní ẹ̀wá, mẹ́rìnlá ni mẹ́rin lé. Láti mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni ọ̀rọ̀ ti yí padà, tí a bẹ̀rẹ̀ sí í wo ogún níwájú, tí a sì ń sọ iye tí ó dín sí i. Ọmọ tí a fi ẹnu nìkan kọ́ yóò rojú níbẹ̀, òótọ́ ni.

Ṣùgbọ́n ẹ mú ogún kóró, kí ẹ tò ó sí ìlà mẹ́rin, márùn-ún ní ìlà kọ̀ọ̀kan, kí ẹ pe ọmọ ọdún márùn-ún tàbí mẹ́fà jókòó tì yín. “Mélòó ni?” “Ogún.” Ẹ ní kí ó mú ẹyọ kan kúrò ní ìparí ìlà ìkẹyìn. Ọ̀kan dín nínú ogún: mọ́kàndínlógún. Kí ó tún mú ẹyọ kan: méjìdínlógún. Bí ó ti ń mú un lọ, ètè rẹ̀ ń sọ ohun tí ọwọ́ rẹ̀ ń ṣe, títí ìlà ìkẹyìn yóò fi tán pátápátá, tí yóò ku ìlà mẹ́ta, tí ó jẹ́ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Lẹ́yìn náà, ẹ kó gbogbo rẹ̀ kúrò, ẹ to ìlà méjì padà, kí ẹ máa fi ẹyọ kọ̀ọ̀kan lé e: mọ́kànlá, méjìlá, mẹ́tàlá, mẹ́rìnlá. Ní ìdajì wákàtí, ọmọ yẹn ti rí àròpọ̀ àti àyọkúrò, ó sì ti rí i pé ogún jẹ́ mẹ́rìndínlógún àti mẹ́rin, láìsí ìwé, láìsí pẹ́ńsùlù. Nínú èrò tèmi, ohun tí wọ́n ń pè ní ìṣòro nínú òǹkà wa jẹ́ ẹ̀kọ́ ìṣirò tí ó ti wà nínú orúkọ iye fúnra rẹ̀. Iye tí ó ga ju bẹ́ẹ̀ lọ, bí àádọ́ta tí ó jẹ́ ẹ̀wá dín nínú ọgọ́ta, lè dúró di ìgbà tí ọmọ bá dàgbà sí i.

Ẹni tí ó bá ń bẹ̀rù pé Yorùbá yóò fa ọmọ sẹ́yìn yẹ kí ó rántí ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní Ilé-Ifẹ̀. Láti 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babátúndé Fáfúnwá àti àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ ìgbà náà fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní ẹ̀kọ́ wọn, ìṣirò pẹ̀lú, fún ọdún mẹ́fà gbáko, wọ́n sì ń kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì lọ́tọ̀. Àwọn ọmọ náà kò rẹ̀yìn. Wọ́n tilẹ̀ ṣe dáadáa nínú Gẹ̀ẹ́sì ju àwọn tí a fi Gẹ̀ẹ́sì kọ́ lọ. Ìlànà ètò ẹ̀kọ́ tí ìjọba àpapọ̀ gbé jáde ní 1977 náà ní kí a fi èdè abínibí tàbí èdè àdúgbò bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọmọ. Ẹ̀yin tí ẹ ń tọ́ ọmọ ní Lọ́ńdọ̀nù tàbí Houston, tí ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀ jẹ́ Gẹ̀ẹ́sì pátápátá, ẹ máa bá a ka nǹkan ní Yorùbá nílé láìsí ìfòyà. Ọmọ tí ó bá ti mọ̀ pé ibi tí a parí kíkà sí ni iye nǹkan yóò lo ìmọ̀ náà ní èdè kejì; orúkọ nìkan ni ó kù tí yóò kọ́.

Ọ̀rọ̀ kan kù tí n kò lè fi sílẹ̀, òun ni ìwé kíkọ. Ọ̀pọ̀ ilé ẹ̀kọ́ aládàáni ń fi 1 dé 100 ṣe iṣẹ́ àṣetiléwá fún ọmọ ọdún mẹ́ta, òbí sì ń di ọwọ́ ọmọ mú kí ìwé lè kún, nítorí pé ìwé tí ó kún ni wọ́n fi ń mọ ilé ẹ̀kọ́ tí ó dára. Egungun ọwọ́ ọmọ yẹn kò tíì le tó láti di pẹ́ńsùlù mú dáadáa, iye tí ó ń kọ kò sì tíì ní ìtumọ̀ lójú rẹ̀ kọjá méjì tàbí mẹ́ta. Ohun tí ó ń kọ́ níbẹ̀ ni pé ìṣirò ń dun ọwọ́, àti pé bàbá máa ń bínú bí 5 bá kọjú sí ẹ̀yìn. Ẹ̀yin olùkọ́, mo mọ̀ pé òbí ni ó ń béèrè ìwé yìí lọ́wọ́ yín, ẹ sì ní láti ní ohun mìíràn tí ẹ ó fi hàn wọ́n. Bí òbí bá wá mú ọmọ rẹ̀ lọ́sàn-án, ẹ jẹ́ kí ó dúró ìṣẹ́jú méjì, kí ọmọ kó kóró mẹ́fà sínú abọ́ lójú rẹ̀, kí ó pín in sí ọ̀nà méjì tí ó dọ́gba, kí ó sì sọ iye tí ó kan ẹnì kọ̀ọ̀kan. Ẹ̀yin òbí ẹ̀wẹ̀, bí ẹ bá fẹ́ fi ọmọ sí ilé ẹ̀kọ́ tuntun, ẹ béèrè ohun tí àwọn ọmọ ibẹ̀ ń fi ọwọ́ kà, ibi tí wọ́n kó o sí nínú kíláàsì, àti ìgbà tí wọ́n ń lò ó, kí ẹ tó béèrè iye ìwé tí ẹ ó rà.